Mo ní mo yá a ni

Ìyá Elélùbọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Òru kẹta rèé tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo tún ń pa á rẹ́. Aago méjì ti lù, baálé mi àti àwọn ọmọ ti sùn, iná ò sí ládùúgbò wa, fóònù nìkan ni mo fi ń ríran. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n tó bá bú mi tán, kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn.

Èlùbọ́ ni mò ń tà, mo ń fi gaàrí àti ẹ̀wà kún un. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ní ìjọ wa, láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn sì ni mo ti ń ṣe akápò. Wọn ò dìbò yàn mí. Màmá ààrẹ ló dìde lọ́jọ́ náà tí wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká kó o fún ìyá elélùbọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó sì mọ́ lóòótọ́ nígbà náà. Tí náírà mẹ́wàá bá lé nínú owó tí mo kà, oorun ò ní kùn mí títí n óò fi mọ ẹni tó san án lé.

Ọjọ́ ọjà kan ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Òjò ti ṣú bo orí Olósùnta, gbogbo wa ń kó ọjà wọlé. Ẹni tó máa ń kó èlùbọ́ wá fún mi dé, ó ní àpò mẹ́ta ló kù lọ́wọ́ òun, tí n ò bá rà á nísinsìnyí, òun ń gbé e lọ sí Adó nìyẹn, ọjà Ọba ò ní kọ̀ ọ́. Mo ka owó ọwọ́ mi, ó dín ní náírà 5,000. Àpótí ẹgbẹ́ wà nílé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ìdí aṣọ mi níbi tí mo máa ń so ó sí. Mo lọ ṣí i. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pẹ̀lú bírò: "Mo yá 5,000." Mo kọ ọjọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i. Òru mẹ́rin ni n ò fi sùn dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà kejì, mo dá a padà, mo tún fi igba náírà lé e, mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin ará, dídá tí mo dá a padà yẹn gan-an ló pa mí. Ká ní mo jìn sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni, n bá mọ̀ pé kòtò ni. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́, ó gbà mí, mo ní ilẹ̀ ni.

Ẹ̀ẹ̀kejì, 12,000 ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, n ò rí bírò, pẹ́ńsùlù ọmọ mi ni mo fi kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, n ò kọ ọ́ mọ́. Mo ní orí mi ò kì í gbàgbé.

N ò fi kọ́lé, n ò fi ra mọ́tò. Ọjà ló lọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Owó ìdánwò àkọ́bí mi lọ nínú rẹ̀. Aṣọ òkú ìyá ìyàwó àbúrò mi náà wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló ń dùn mí jù, torí pé n ò tíì wọ aṣọ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì sí ẹni tí ì bá bèèrè ká ní n ò rà á. Ní ìpàdé ìparí oṣù, n óò dìde, n óò ka iye tó yẹ kó wà nínú àpótí fún wọn. N ò ka iye tó wà níbẹ̀ rí. Wọn á ní Ọlọ́run á bùkún mi, èmi náà á ṣe àmín.

Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, aránṣọ ni. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde tó kọjá, ọ̀kadà gbá a lójú ọ̀nà Adó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní ọ̀nà méjì. Ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé pàjáwìrì lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n mú 60,000 lọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́la, nítorí pé ilé ìwòsàn ní àfi kí àwọn rí owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin ará, 8,400 ló wà nínú àpótí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní mo ti kó owó lọ sí báǹkì. Mo ní báǹkì ò sanwó. Mo ní wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń purọ́, kí n tó rí owó èlé yá. Nígbà tí mo gbé 60,000 dé, ọkọ rẹ̀ ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, èyí tó ń ṣe ọnà sí etí aṣọ, òun ló fi ń bọ́ ilé. Mo dé yàrá tó ti ń ránṣọ. Ojú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí sìmẹ́ǹtì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, epo ti rin ibẹ̀ dúdú. Ẹnìkan ti gbálẹ̀ yí i ká.

Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, ó ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n rí àìsàn ọmọ. Mo ṣe àmín. Mo délé, mo jẹun, mo sùn. Oorun àsùnwọra ni mo sùn.

Nígbà tó jẹ́ 5,000, òru mẹ́rin ni n ò rí oorun. Nísinsìnyí tó ti di 186,500, mò ń sùn.

Ohun tó wá ta mí jí ni pé ní ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ka Hébérù 3:13, níbi tó ti ní kí ẹ̀tàn ẹ̀ṣẹ̀ má ṣe sé ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa le. Èmi ni àmín mi ròkè jù. Bí mo ṣe ṣe é tán ni obìnrin yẹn fi ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó yọ owó. Owó ẹgbẹ́ oṣù mẹ́ta tó fi wà lórí àìsàn ni, 1,500. Ó ní, "Màmá akápò, ẹ bá mi kọ orúkọ mi sílẹ̀, n ò fẹ́ jẹ gbèsè nílé Ọlọ́run."

Owó náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. N ò lè fi í sínú àpótí, n ò sì lè ná an.

Ìbéèrè mi nìyí. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú mi látọjọ́ yìí, kí ni? Ṣé Ọlọ́run ti fojú fò ó ni, àbí nǹkan kan ló ti kú nínú mi tí n ò mọ̀? N ò tíì sọ fún baálé mi.

---

Bàbá Olóko, Ìjerò-Èkìtì

Ọmọ mi, n ò ní bú ọ. Àádọ́rin ọdún ni mo ti kọjá, èmi náà ní ohun tí mo fi pamọ́ rí.

Oko kòkó ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ní ọ̀nà odò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbà á, èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kan mú gan-an lọ́dún náà, gbogbo kòkó wọ́wé, àfi ibì kan lórí igi ńlá kan tó wà létí ọ̀nà. Ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó ń dán, ó yọ òdòdó pupa. Mo mú ìyàwó mi lọ wò ó. Mo ní, ẹ̀ka yìí ló dára jù ní gbogbo oko. Ṣé o mọ ohun tó jẹ́? Àfòmọ́ ni.

Ẹyẹ ló ń gbìn ín. Ẹyẹ á jẹ èso rẹ̀, kóró rẹ̀ lẹ̀ bí àtè, á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, á fi ẹnu nu ara ẹ̀ka igi, ó ti gbìn ín nìyẹn. Kóró náà kéré, o ò ní rí i. Kò wá ilẹ̀. Inú èèpo igi ló ń ta gbòǹgbò sí, á wọnú igi lọ, omi tí kòkó ń fà bọ̀ láti ilẹ̀ lòun náà ń mu lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. (Lóòótọ́ wọ́n ń fi í ṣe oògùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n olóko kòkó ò gbọdọ̀ gbọ́ ìyẹn.) Mo fi í sílẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀. Nígbà tó di ọdún kẹta, apá ẹ̀ka tó wà níwájú rẹ̀ ti gbẹ kanrangandan, kò so ẹyọ kan. Ẹyẹ sì ti kó o lọ sórí igi mọ́kànlá mìíràn. Igi tó sún mọ́ ọn nìkan kọ́ o, àwọn kan wà lókè odò lọ́hùn-ún tí n ò tiẹ̀ ronú kàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rí níbẹ̀ ni pé àsìkò tí àfòmọ́ tutù jù ni àsìkò tí igi ń kú. Oorun tí ò ń sùn yẹn, má pè é ní àlàáfíà. Ẹ̀ka tó ti gbẹ, o lè fi àdá gé e, kò ní sun omi. Jákọ́bù sọ ọ́, ó ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ á lóyún, á bí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ á dàgbà, òun náà á bímọ, ikú sì lọmọ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ ti dàgbà, ó ti rìn dé ilé aránṣọ.

Ṣùgbọ́n n kò rò pé o ti kú. Tí àwa olóko bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi tó wọ́wé ṣì wà láàyè, a máa fi èékánná họ èèpo rẹ̀ díẹ̀. Tí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, ó wà láàyè. Owó obìnrin yẹn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ, òun ló họ ọ́. Aago méjì òru lo kọ̀wé. Ẹni tó kú kì í jí láago méjì.

Kí n sọ bí a ṣe ń mú un kúrò. Mo kọ́kọ́ já ewé rẹ̀, ó hù padà. Mo tún já a, ó tún hù. Ọkùnrin kan tó dàgbà jù mí lọ ló wá wí fún mi pé kí n gé ẹ̀ka náà láti ìsàlẹ̀ ibi tó ti wọlé, kí n jẹ́ kó lọ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Kòkó mẹ́fà tó dára wà lórí ẹ̀ka tí mo gé. Ó dùn mí wọ egungun.

---

Ọmọ Olúwa

Màmá, ẹ má dá ara yín lẹ́bi jù. Róòmù 8:1, kò sí ìdálẹ́bi fún àwọn tó wà nínú Kristi. Ẹ lọ sí kọ̀rọ̀ yín, ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ máa dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ mọ̀ bí àwọn ìyá ìjọ ṣe rí, tí ẹ bá là á fún wọn, orúkọ yín á di orin lọ́jà Ìkẹ́rẹ́, àwọn ọmọ yín á sì jẹ nínú rẹ̀.

---

Màmá Ẹ̀fọ̀n, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá Olóko. Ìwọ tó o kọ̀wé kẹ́yìn yìí, mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe ọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó o fún un ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti ń fún un láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀: máa dá a padà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ 5,000 gan-an lo tún ní kó lọ ṣe.

Ìlú wa ni wòlíì Babalọlá wá ní 1930, lẹ́yìn ìsọjí Òkè Oòyè ní Iléṣà. Ìlú wa náà ni ibojì rẹ̀ wà, ọdún 1959 ló sùn. Ìyá ìyá mi wà níbẹ̀ ní 1930, ọmọge ni, ó sọ fún wa pé ńṣe ni àwọn èèyàn ń kó oògùn àti òrìṣà wọn jáde wá jóná, tí èéfín ń rú lọ́tùn-ún lósì. Bàbá tiẹ̀ náà kó tirẹ̀ jáde, apẹ̀rẹ̀ méjì gbáko. Gbogbo èèyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n àdó kékeré kan wà tí kò kó, ó fi í há àjà. Ó ní nítorí àwọn ọmọ ni, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wà níbẹ̀. Ìyá ìyá mi ní gbogbo ọdún náà, bàbá ò gbàdúrà sókè nínú ilé mọ́, àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ilé, ńṣe ló máa ń wo àjà. Ìgbà tí wọ́n ń tún òrùlé ṣe ni wọ́n rí i. Apẹ̀rẹ̀ méjì ò so ó, àdó kan so ó.

Ìyá Elélùbọ́, jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. O ní o yá owó náà. Ta lo yá a lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó yá iyọ̀ ládùúgbò, ẹnìkan ló bu iyọ̀ náà fún un. Ta ló ka 5,000 lé ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ òjò yẹn? Orúkọ tí o fún un ló jẹ́ kó wọlé. Ká ní bírò rẹ kọ "mo jí 5,000" sínú ìwé yẹn ni, ṣé ọwọ́ rẹ á fọwọ́ sí i? Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ṣùgbọ́n ìwọ lo ṣílẹ̀kùn ọgbà nígbà tó o pe ẹlẹ́dẹ̀ ní àgùntàn. Pọ́ọ̀lù ní ẹ̀ṣẹ̀ tan òun jẹ, ó sì pa òun. Títàn ló kọ́kọ́ ṣe. Tí kò bá tàn wá, apá rẹ̀ ò ká wa.

Ka Jóṣúà orí 7. Ákánì ò jalè ní ọjà. Ẹ̀wù Bábílónì kan, fàdákà àti wúrà díẹ̀, ó rì í mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ rí ẹ̀wù náà wọ̀. Ọkùnrin 36 ni wọ́n pa ní Áì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹní Ákánì, bí aránṣọ yín náà kò ṣe mọ ohun tí kò sí nínú àpótí.

Lọ jí baálé rẹ. Òun ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kó má gbọ́ ọ níta. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ bá pásítọ̀ àti màmá ààrẹ. Gbé ìwé náà dání, èyí tó ní pẹ́ńsùlù nínú, má tún un kọ. Ìwé Númérì 5:7 ní kí ẹni tó ṣẹ̀ jẹ́wọ́, kó san án pé, kó sì fi ìdámárùn-ún lé e. Sákéù ní ìlọ́po mẹ́rin ní tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe fún ọ, jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Orúkọ tó ń bà wá lẹ́rù pé yóò bàjẹ́ yẹn, ó ti bàjẹ́, ìwọ nìkan lo mọ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ bá aránṣọ. Má rán ẹnikẹ́ni.

---

Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ibi tí màmá elélùbọ́ ti ní àwọn tẹ̀ ẹ́, ó gba àwọn, ó jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni tèmi. Igba náírà ni mo fi ta á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fún mi ní 14,000. Mo san ìdámẹ́wàá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì o. Mo ní ìbùkún ni. Ìjẹ tó wà lẹ́nu ìwọ̀ ni. Owó ilé-ìwé tí bàbá mi ta iṣu sí, n ò tíì san án títí di òní, bàbá mi sì ń sọ fún àwọn ará ìlú wa pé mo ti wọ ọdún kẹta. Èmi náà mò ń pè é ní yíyá. Mo ní mo yá a lọ́wọ́ bàbá mi, màá rọ́pò rẹ̀ tó bá tún jẹ.

---

Màmá Ẹ̀fọ̀n, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

Akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ mi, pe bàbá rẹ lálẹ́ yìí. Má dúró de ìsinmi. Tó o bá pè é tán, wá sọ fún wa, n óò máa retí rẹ.

---

Ìyá Elélùbọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì yìí gùn.

Mo jí baálé mi ní òru ọjọ́ tí Màmá Ẹ̀fọ̀n kọ̀wé. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó bọ́ síta, ó jókòó lórí pákó tó wà níwájú ilé títí ilẹ̀ fi mọ́, èmi náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà mí láti sún mọ́ ọn. Nígbà tí àkùkọ kọ, ó ní, "Èló ni gbogbo rẹ̀?" Kò bi mí léèrè ìdí. Ìyẹn ṣì ń dùn mí, ìbá sàn kó bi mí.

A lọ bá pásítọ̀ àti màmá ààrẹ. A ṣí ìwé náà lórí tábìlì, bírò, pẹ́ńsùlù, àti àwọn ibi tí n ò kọ nǹkan kan sí. Wọ́n ní ká jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ láti orí gbogbo owó tó wọlé. 203,000 ni. Mo ní 186,500 ni. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, 203,000 náà ni. 16,500 wà níbẹ̀ tí n ò rántí pé mo mú, bí mo ṣe jókòó yìí n ò mọ ohun tí mo fi ṣe. Èmi tí mo ní orí mi ò kì í gbàgbé. Bàbá Olóko, mo rántí àwọn igi òkè odò yín.

Màmá ààrẹ ò sọ̀rọ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí gèlè nu ojú, wọ́n tún fi awò náà padà sójú. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ní kí n tú kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti so ó débi pé kókó rẹ̀ ti le, n ò lè tú u. Baálé mi ló bá mi fi eyín tú u.

Wọ́n ti yọ mí nípò akápò. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ní kí n jókòó síbẹ̀, mo sì jókòó. Àwọn kan ò dáhùn ìkíni mi mọ́. Oníbàárà mẹ́ta ti kọjá níwájú ìsọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ Olúwa, ohun tí ẹ sọ ṣẹlẹ̀, ẹ ò purọ́. Mo ti ta aṣọ òkú yẹn. Mo fi ìdámárùn-ún lé e bí Màmá Ẹ̀fọ̀n ti wí, ó di 243,600. Pásítọ̀ ní ìjọ ò bèèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi, mo ní èmi ni mo fẹ́ ẹ. 20,000 ni n óò máa san ní ìparí oṣù. 1,500 tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, mo gbé e fún akápò tuntun, mo dúró tì í títí ó fi kọ orúkọ aránṣọ sílẹ̀.

Mo lọ bá a nílé. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, kò sí owó níbẹ̀ rárá?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Tí mo ní kí ọkọ mi má bínú sí yín, pé báǹkì ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo ibi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀. Ó ní kí n máa lọ ná. Mo tún lọ lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n wọlé, ó fi àga hàn mí, kò sọ nǹkan mìíràn. Mo jókòó díẹ̀, mo dìde. N óò tún lọ.

N ò rí oorun sùn láti ọjọ́ náà wá. Ó ń dùn mí gan-an, gbogbo rẹ̀ ló ń dùn mí. Bàbá Olóko, mo mọ̀ pé ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń dúpẹ́.

Ọjà ni ìṣòro mi nísinsìnyí. Ẹni tó ń kó èlùbọ́ wá fún mi ti gbọ́, ó ní owó lọ́wọ́ nìkan ni òun ń gbà lọ́wọ́ mi. N ò bínú sí i.

---

Bàbá Olóko, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ kú ìrora, ìwọ àti ọkọ rẹ. Bá mi kí i.

Aya mi ní èlùbọ́ nílẹ̀ níbí, iṣu tiwa ni, ó gbẹ dáadáa. Mo ka ìwé rẹ sí i létí látìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í bóyá á lè fún ọ ní àpò méjì, kó o san owó rẹ̀ tó o bá tà á tán. Kò dáhùn lálẹ́ àná. Láàárọ̀ yìí ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí o wá fúnra rẹ, kí òun fọwọ́ ara òun gbé e lé ọ lórí. Jẹ́ kí ọkọ rẹ sìn ọ́ wá. Tí ẹ bá ti ń bọ̀, kọ ọ́ síbí, kí ó lè gún uyán sílẹ̀.